Abọ́ Tó Ń Sunkún Nínú Fóònù

Bí ìyàwó bá gbé àpò òfìfo wọ ilé àna ní kùtùkùtù, kí gbogbo ilé yáa dìde. Kò wá kí wọn. Ó wá kó nǹkan ni.

Báyìí ni Olúwakẹ́mi ṣe wọ agboolé ọkọ rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń wí yìí. Aago mẹ́jọ kò tí ì lù. Ó ká àpò ńlá oní-síìpù há abíyá, ó di fóònù mú lọ́wọ́ kejì, ojú rẹ̀ le koko. Emmanuel ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ Máíkírà tó fi ń ṣe takisí họ orí, ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ.

Precious ni wọ́n wá mú, ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Àmọ̀kẹ́, ni ọmọ náà ń gbé, nítorí pé Kẹ́mi kì í kúrò ní ilé ìtajà ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù, Emmanuel náà sì wà lójú títì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n wá fi kan Màmá? Pé kì í bọ́ ọmọ yó. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Fóònù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, inú ń bí mi ni. Fóònù! Ohun tí kò ní ọ̀fun, tí kò ní ikùn, tí kò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀kọ sí ọṣẹ, òun ló jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó tó ń dájọ́ fún obìnrin tó bí ọmọ mẹ́fà tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì yè.

Áàpù kan ni Kẹ́mi gbà sórí fóònù náà ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Abọ́ kan wà nínú áàpù yìí tó ní ojú, tó ní ẹnu. Ohun tí ọmọ bá jẹ, ìyá ọmọ á tẹ̀ ẹ́ sí i, á sì tún tẹ̀ ẹ́ bóyá ó pọ̀, bóyá ó mọ níwọ̀n, bóyá díẹ̀ ni. Bí ọmọ bá yó, abọ́ á di àwọ̀ ewé tútù, á máa rẹ́rìn-ín. Bí kò bá yó, abọ́ á pọ́n, omijé á máa dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, abọ́ Precious kò rẹ́rìn-ín rí láti Ajé dé Ẹtì. Bó bá sì ti sunkún tán, àwòrán agolo ìyẹ̀fun aládùn kan á yọ, wọ́n á ní kí ìyá ọmọ rà á, kó pò ó mọ́ mílíìkì, kó fún ọmọ mu. Ẹ fura o: àwọn tó ṣe áàpù náà ló ń ta agolo. Ẹni tó ń ta omi ló ń sọ fún ọ pé òǹgbẹ ń gbẹ ọ́!

Iwájú ilé ni Màmá Àmọ̀kẹ́ jókòó sí láàárọ̀ náà, ó ń to ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tó ń tà sórí tábìlì. Ó rí àpò kó tó rí ẹni tó gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ìbínú kò gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ Kẹ́mi. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àpò lábíyá.

"Káàárọ̀, ìyàwó mi. Kí lẹ jí wá ṣe ní irú àsìkò yìí? Ṣé kò sí o? Ìwọ Emmanuel, ojú wo lo gbé wá yẹn?"

"Màmá, kò sí nǹkan kan," ni Emmanuel wí. Irọ́ ló ń pa.

Ilé ìwé gba ọlidé lọ́sẹ̀ náà, Precious sì wà nílé. Bó ṣe gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ báyìí, ó sáré já síta, epo àkàrà ń dán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra. Kò tí ì tú u sílẹ̀ tó fi ṣí fóònù.

"Kí lo ti jẹ láàárọ̀ yìí?"

Ọmọ la ẹnu. Kó tó fọhùn, Màmá ti fi etí ìró nu epo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nù.

"Kò tí ì jẹ nǹkan gidi. Ó kàn fi ẹnu kan àkàrà ni."

Kẹ́mi tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù: àkàrà, díẹ̀. Abọ́ bú sẹ́kún lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá mọ̀. Nínú irú ilé tí wọ́n ti tọ́ Àmọ̀kẹ́ dàgbà, ẹ kò lè gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé ọmọ ń jẹun dáadáa. Bí ọmọ jẹ òkèlè ogún, "ó fi ẹnu kàn án" ni. Bí ó lá abọ́ títí tí abọ́ fi ń dán, "ẹ bá wa gbàdúrà, ọmọ yìí kò kúkú fẹ́ jẹun" ni. Ayé ní etí, ayé ní ojú, ojú náà kò sì dára lára ọmọ tí oúnjẹ ń bá lára mu. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ á dín in kù lẹ́nu kó lè pọ̀ ní ikùn. Kò sí ìyá àgbà kan ní Àrẹ̀mọ, ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, títí dé Ọ̀rányàn, tí ẹ máa sọ èyí fún tí yóò bi yín pé kí ló dé.

Ṣùgbọ́n ọmọ Aládùúrà ni Kẹ́mi, Àpáta ni wọ́n ti tọ́ ọ. Nílé tiwọn, bí ọmọ bá jẹun, wọ́n á ní ẹ yin Olúwa, ó jẹun. Ohun tí ẹnu bá sọ, òun náà lòun ń gbọ́. Lójoojúmọ́, ní aago méjì ọ̀sán, á pe Màmá láti ibi iṣẹ́: "Màmá, kí ni Precious jẹ?" Màmá á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rọ ohùn sílẹ̀: "Díẹ̀ náà ni o." Kẹ́mi á tẹ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Àmọ̀kẹ́ kò mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Màmá," ni Kẹ́mi wí, kò sì dìde lórí ìkúnlẹ̀, "ẹ má bínú sí mi. Mo wá kó aṣọ Precious. A ti rí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ mi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ di alẹ́. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ ní àkókò, wọ́n sì ń wọn oúnjẹ náà."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ọṣẹ.

"Kó lọ síbo?"

"Ring Road, Màmá."

"Di ìgbà wo?"

Kẹ́mi fa àpò mọ́ra. Màmá gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń wo bàtà ara rẹ̀. Yàrá mẹ́rìnlá ló wà nínú agboolé yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ tán sí Eléyelé àti Èkó, yàrá Àmọ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ igbe ọmọdé láàárọ̀. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó bàjẹ́ débi pé kò rántí pé kí ó ní kí ìyàwó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Àtọ́kẹ́, ìyàwó ilé àgbà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Màmá, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ó ń run pákò. Ó yọ pákò lẹ́nu.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyàwó, kí ni ọmọ yìí ṣe fún Àmọ̀kẹ́, tàbí kí ni Àmọ̀kẹ́ ṣe fún ọmọ?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Precious kì í jẹun yó ni. Ẹ wò ó." Kẹ́mi dìde, ó gbé fóònù tọ̀ ọ́ lọ.

Àtọ́kẹ́ gbé fóònù jìnnà sí ojú, ó tún fà á mọ́ra.

"Abọ́ ló ń sunkún yìí?"

"Abọ́ Precious ni."

"Yé è! Mo ti rí ẹni tó sunkún nítorí abọ́. N kò rí abọ́ tó ń sunkún nítorí ẹni rí. Ta ló nà án?"

Àwọn méjì tó ń fọ aṣọ nídìí ẹ̀rọ omi bú sẹ́rìn-ín. Emmanuel náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé e mì.

"Màmá Precious, mo ti bẹ̀ ọ́ pé kó o rọra," ló wí. "Bí ó ti rí gan-an ni mo sọ fún ọ. Agolo tí abọ́ yìí ní ká máa rà ló gbé owó oúnjẹ tí à ń fún Màmá lọ. Nígbà tí kò tí ì máa sunkún, ṣebí a máa ń gbé ìrẹsì àti gàrí wá síbí lóṣooṣù?"

"Ta ni mò ń ra agolo fún? Ṣé èmi ni mò ń mu ún ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ yín ni mò ń rà á fún! Tí ebi bá pa á kú, ẹ̀yin àti ìrẹsì ẹ máa wo ara yín lójú."

"Ebi kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo etí Precious.

Àkókò tó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: ọmọ ń jẹun. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, Àtọ́kẹ́ nìyí. Ó wo òsì, àwọn tó ń fọṣọ ti dáwọ́ dúró, ọkùnrin kan sì dúró tó ń fọ eyín, kò fọ̀ ọ́ mọ́. Gbogbo agboolé la etí sílẹ̀. Màmá gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Ọmọ yìí kò kúkú fẹ́ jẹun," ló wí. "Bí ẹ̀dá tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn."

"Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí lẹ́nu wọn!" ni Kẹ́mi wí.

Bí ẹ bá rí irú nǹkan yìí rí! Obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹjọ́ ara rẹ̀ ká. Precious nìkan ló gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀. Ó ká bùbá rẹ̀ sókè, ó gbé ikùn síta, ikùn náà sì yọ róbótó.

"Màmá mi, ẹ wo ikùn mi!"

"Bo ara rẹ!" Màmá fa bùbá wálẹ̀ kíákíá.

Kẹ́mi wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ọmọ sínú àpò. Nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló ti rí agolo mẹ́sàn-án tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn ti ṣófo. Màmá ti wọlé tẹ̀ lé e.

"Ṣé ó mu gbogbo èyí, Màmá?"

"O ní kí n fún un, mo fún un. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, bí o ṣe wí."

"Síbẹ̀ abọ́ ń sunkún," ni Kẹ́mi wí. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ń bà á lóòótọ́, ẹ má rò pé ìwà burúkú ni. Ìyá tí kò bá sí nílé lọ́sàn-án, ohun tó bá rí lò ní í fi ń wo ọmọ.

Àtọ́kẹ́ ló yanjú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ yé fi ẹnu jà! Ẹ gbé ọmọ lọ sórí ìwọ̀n. Ilé ìwòsàn wà ní Ọ̀rányàn níbẹ̀ yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ̀n kì í gbè sẹ́yìn ìyá ọkọ, kì í gbè sẹ́yìn ìyàwó."

Kẹ́mi ronú sí i. "Ó dáa. Bí ìwọ̀n bá ní Precious tó bó ṣe yẹ kó tó, mo máa dá aṣọ rẹ̀ padà. Bí kò bá tó, láti ibẹ̀ ni a ti ń lọ sí Ring Road."

Wọ́n ju àpò sínú búùtù Máíkírà. Màmá jókòó sẹ́yìn, ó fi ọmọ sórí itan, ó gbá a mú bí ẹni pé wọ́n ti fẹ́ já a gbà. Ọ̀nà náà kò gùn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ènìyàn lè jẹ láyé ló wà lẹ́bàá rẹ̀. "Màmá àgbà, ọ̀jọ̀jọ̀!" ni Precious ké. "Dákẹ́." "Màmá àgbà, ẹ wo gúgúrú!" "Mo ní kó o dákẹ́, ìwọ ọmọ yìí." Emmanuel wo ọmọ rẹ̀ nínú dígí, ó sì wo ìyàwó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ní ilé ìwòsàn náà ń jẹ́ Karimat. Obìnrin ńlá ni, ìbòrí rẹ̀ funfun báláú, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó dé ibi ẹ̀rín. Ó mọ Màmá, ibẹ̀ ni Màmá ti ń wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó gbọ́ ẹjọ́ Kẹ́mi tán, ó ní kí Precious bọ́ bàtà kó gun ìwọ̀n. Ọwọ́ ìwọ̀n fò lọ sókè, ó mì díẹ̀, ó dúró.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n," ni Karimat wí.

"Ó kéré jù, àbí?" Kẹ́mi ti múra ẹkún.

"Ọmọ ọdún mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́fà."

"Ìyá ọmọ, ogún kílò ló yẹ ọmọ ọdún mẹ́fà. Mọ́kànlélógún, kò burú. Èyí ti lé ní kílò méje. Bó bá ń bá a lọ báyìí, òun ló máa gbé yín pọ̀n."

Kẹ́mi wo ìwọ̀n, ó wo fóònù. "Nọ́ọ̀sì, ìwọ̀n yín ti bàjẹ́."

Karimat kò jiyàn. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó gun ìwọ̀n, ìwọ̀n náà dún. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé náà nìyẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbẹ̀bẹ̀. Ìwọ̀n yìí kò bàjẹ́." Ó sọ̀kalẹ̀. "Ó yá, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tó ń jẹ."

Kẹ́mi fún un ní fóònù. Karimat ń fi ìka yí i lọ: ẹ̀kọ, díẹ̀. Ìrẹsì, díẹ̀. Ẹ̀wà, díẹ̀. Ẹ̀bà, díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko, Ajé dé Ẹtì, díẹ̀, díẹ̀, díẹ̀.

"Ta ló sọ pé díẹ̀ ni?"

"Màmá ni."

Karimat wo Màmá. Màmá gbójú sí ògiri. Ọmọ Bẹẹrẹ ni Karimat, ìyá àgbà ló tọ́ òun náà, kò sí ẹni tó ní láti là á fún un. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ ní imú rẹ̀, ó ká a mú. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó pa wíńdò dé, ó tún fa aṣọ wíńdò bò ó.

"Màmá, ẹ gbọ́. Kò sí ayé níbí. Èmi ni, ọmọ yín ni, ìyàwó yín ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ síta, kí ẹnu rẹ̀ wọ́. Kí ni ọmọ yìí ń jẹ?"

Màmá yí ojú kúrò lára ògiri. Ó wo àpò aṣọ ọmọ tí Kẹ́mi gbé wọlé, tí síìpù rẹ̀ ti pa dé. Ó wá fa Precious mọ́ra, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ikùn ọmọ náà, ó ṣàdúrà lábẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Bó bá ti jí, ẹ̀kọ gbígbóná ni àti àkàrà mẹ́rin. Bí mo bá yíjú, ó ti di mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni agolo ìyá rẹ̀. Bó bá ti ilé ìwé dé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, abọ́ tí mo fi ń bọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún ni mo fi ń bọ́ ọ. Á sùn. Bó bá jí, á ní òun lá àlá dòdò, mo máa dín dòdò. Á jáde lọ ṣeré, Àtọ́kẹ́ á pè é, á fún un ní èkuru, á sì wá sọ fún mi pé òun kò fún un ní nǹkan kan. Èmi náà á ní mo gbọ́. Lálẹ́, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá. Ẹran tó bá wà nínú ọbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹja tó bá wà, tirẹ̀ ni. Agolo ìyá rẹ̀ tún dé. Bí mo bá pa iná, á ní ebi ń pa òun, mo máa dìde po gàrí sí omi tútù, mo máa fi ẹ̀pà sí i." Ó mí kanlẹ̀. "Kí Elédùmarè jọ̀wọ́, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ojú kankan bá a. Mo ti sọ ọ́ o."

Karimat ti fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì, omi ń jáde lójú rẹ̀. Emmanuel fara ti ògiri, ó di ikùn mú. "Ó lá àlá dòdò!" ló ń wí, "Màmá, ẹ̀yin náà sì dín in!" Kẹ́mi wo ikùn ọmọ rẹ̀, ó wo fóònù. Nígbà tó yá, ẹ̀rín gbé òun náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá! Ojoojúmọ́ ni mò ń pè yín. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún mi?"

"Lórí fóònù?" Ẹnu ya Màmá. "Irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé o mọ ẹni tó ń gbọ́ wa ni?"

Ẹ wá wò ó, ta ló jàre nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn alágolo kúkú ń gbọ́. Gbogbo "díẹ̀" tí obìnrin yẹn rọ ohùn sílẹ̀ sọ ni wọ́n gbọ́, tí wọ́n sì fi ta ọjà.

Karimat nu ojú, ó dá ẹjọ́. Kí wọ́n jáwọ́ nínú agolo láti òní lọ. Kí gàrí òru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kí Màmá lo abọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà fún ọmọ ọdún mẹ́fà, kí ẹ̀kọ àti ẹ̀wà máa bá a lọ, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àlá dòdò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kẹ́mi kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó dì mọ́ orúnkún rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. N kò ní mú Precious lọ síbì kankan mọ́."

"Dìde, ìyàwó mi. Kí ló ń bí mi nínú? O fẹ́ràn ọmọ rẹ ni." Ojú Màmá ti mọ́lẹ̀ kedere. Emmanuel gbé àpò, ó ní Àrẹ̀mọ ni òun ń gbé e padà sí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ jó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ dúró ná," ni Karimat wí.

Ó ti ń wo ọwọ́ Màmá láti ìgbà tó fi gbé e lé ikùn ọmọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti tóbi jù fún un, ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Karimat fa páálí kan yọ, ó wá káàdì Màmá jáde nínú rẹ̀.

"Màmá, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wá náà, ẹ gun un."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi ìwọ̀n ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ tà mí ni?"

"Ẹ gun un, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá gun un. Karimat wo ìwọ̀n, ó wo káàdì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, kílò méjìlélọ́gọ́ta lẹ jẹ́. Mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ jẹ́ lónìí. Kílò mẹ́sàn-án ti lọ. Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mo jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

Màmá tú gèlè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un wé. Emmanuel gbé àpò sílẹ̀. Nígbà tí àgbà kò dáhùn, ọmọdé rò pé ìbéèrè náà kan òun.

"Èyí tí mo bá jẹ kù ni Màmá àgbà máa ń jẹ," ni Precious wí.

Kẹ́mi yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "O máa ń jẹ ẹ́ kù?"

"Èmi? Rárá o!" Ọmọ náà gbé àyà síwájú, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi òun. "Mo máa ń jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ẹ bi wọ́n!"

Kò sí ẹni tó bi wọ́n. "Àjẹkù là ń mayo," ni Karimat wí lábẹ́lẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà sínú káàdì. Emmanuel ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí láti oṣù mẹ́ta. Ìrẹsì tí wọn kò gbé wá mọ́, gàrí tí wọn kò gbé wá mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ láàárọ̀, kò mọ ohun tó ń sọ.

"Ọjà kò yá ni," ni Màmá wí nígbà tó yá. "Ọmọdé kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé oúnjẹ kò tó."

Kẹ́mi dìde. Ó mú Màmá lọ́wọ́, ó bá a sọ̀kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, ó tì í lẹ́yìn rọra jáde lọ sínú ọkọ̀. Emmanuel wa ọkọ̀ lọ tààrà sí ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà'ba. Kẹ́mi bá wọn bu iyán sí abọ́ ńlá, ó bu ẹ̀fọ́ rírò lé e, ẹran mẹ́ta àti pọ̀nmọ́ ńlá kan, ó gbé e ka iwájú Màmá. Ti Precious, abọ́ kékeré.

Precious ti parí tirẹ̀ nígbà tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ọwọ́. Ọwọ́ kékeré náà nà wá sí abọ́ ńlá bí ó ti máa ń nà. Màmá pàápàá ti mú ẹran tó tóbi jù, ó ń gbé e bọ̀ fún un. Kẹ́mi di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Tìyẹn kọ́, Precious. Ti Màmá ni. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Màmá wo ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìyàwó. Ó fi í sẹ́nu. Òkèlè àkọ́kọ́ wọlé, èkejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kò gbójú sókè mọ́. Ó ń jẹun bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́ tí kò rí ẹni sọ fún. Kẹ́mi jókòó tì í, kò lè fọwọ́ kan tirẹ̀. Precious fi ọwọ́ ti àgbọ̀n, ó ń wo bí iyán náà ti ń kéré lọ, ẹnu sì yà á.

"Màmá àgbà," ló bi í, "ṣé ẹ ò ní jẹ ẹ́ kù ni?"

Màmá mi orí. Ẹnu rẹ̀ kún.